Ìdajì Ìró Ìyá Mi

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nígbà tí mo dé Ìkòsì ni pé mo gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, síbẹ̀ àlejò ni mí. Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Dàhòmì ni wọ́n ti bí mi, Yorùbá sì ni mo fi sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi. Mo rò pé bí mo bá ti la ẹnu, àwọn ará Èkó á mọ̀ pé ọmọ ilé ni mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ kí ọkùnrin kan, "músíè" àwọn Faransé ló máa ń já bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rántí, ohùn mi sì máa ń lọ sókè níbi tí tiwọn ti ń lọ sílẹ̀. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, wọ́n ti sọ mí ní Dàhòmì. Àwọn ọmọdé ń fi ohùn mi ṣeré. Èmi náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí kí ni kí n ṣe?

Iṣẹ́ tí mo bá lọ́wọ́ ìyá mi ni mo gbé dání. Ìyá mi ń gbin sàláàdì létí ọ̀sà ní Àjàṣẹ́, ewé tí àwọn òyìnbó ń jẹ ní tútù láìsè, ó sì ń gbé e lọ sílé àwọn Faransé láàárọ̀. Èmi àti Ràímì, àbúrò mi kan ṣoṣo, là ń pọn omi tá a fi ń rin ebè. Ọkùnrin àgbà kan nínú ìdílé tó ni ilẹ̀ ní Ìkòsì, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Onílẹ̀, ló fún mi ní àbàtà kan lọ́nà odò Ògùn. Ó wo ewé tí mo kọ́kọ́ gbìn, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Dàhòmì, ewé tí wọn ò ní í sè yìí, ta ló fẹ́ jẹ ẹ́? Àbí ewúrẹ́ lo fẹ́ máa tà á fún?"

Mo dá a lóhùn pé òyìnbó ló ń jẹ ẹ́. Ó ní òun ò rí ìyàtọ̀.

Nígbà yẹn, wọ́n ń la ọ̀nà ńlá, àwọn òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì pàgọ́ sí apá Kétu. Ọkùnrin ará Ẹ̀pẹ́ kan ló ń se oúnjẹ fún wọn. Bàbá Kúùkù là ń pè é. Kì í wo ojú ewé, kì í gbọ́ òórùn rẹ̀. Yóò mú ewé kan láàárín àwọn yòókù, yóò tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá dún pọ́kí, ó rà á. Bí ó bá ká láì dún, á jù ú padà sínú apẹ̀rẹ̀.

"Èyí tó bá ṣẹ́, ti òyìnbó ni," ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀. "Èyí tó bá ká, gbé e fún ewúrẹ́. No vex."

Tèmi ń ká. Lórí ebè, ewé mi dára débi pé àwọn tó ń kọjá ń dúró wò ó. Ṣùgbọ́n kí n tó rìn láti etí odò dé àgọ́, orí rẹ̀ á ti wálẹ̀. Mo ro ó títí, mo ní ọ̀sán ni Bàbá Kúùkù ń ra ewé, bó bá jẹ́ pípẹ́ lẹ́yìn gígé ló ń pa á, a jẹ́ pé ó yẹ kí n pẹ́ kí n tó gé e, kó má bàa pẹ́ lọ́wọ́ mi. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dúró nìyẹn títí oòrùn yóò fi ga kí n tó mú ọ̀bẹ, tí n óò wá da omi lé e lórí nínú àpò kí n tó gbé e sáré. Ó tún burú sí i. Ó ń rọ, ó sì ń yọ̀. Bàbá Kúùkù ń ṣa díẹ̀ níbẹ̀ nítorí kò rí ẹlòmíràn rà lọ́wọ́ rẹ̀, á dá ìyókù padà fún mi, èmi á sì gbé e gba ẹ̀yìnkùlé padà kí Bàbá Onílẹ̀ má bàa rí mi.

Ní Jímọ̀ọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, mo máa ń wọ mọ́tò lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Yábàá. N óò dúró lórí ìlà títí wọn yóò fi fún mi ní tẹlifóònù. Ní Àjàṣẹ́, ìyá mi á ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Àlájì kan tó ń ta aṣọ, nítorí ibẹ̀ nìkan ni tẹlifóònù wà ní àdúgbò wa. Gbogbo àwọn tó wá ra aṣọ ló ń gbọ́ ohun tí Ìyá ń sọ, torí ariwo ló máa ń pa, bí ẹni tó gbà pé ohùn òun ló gbọ́dọ̀ gbé ara rẹ̀ dé Èkó.

"Ewé ńkọ́?" á béèrè.

"Ewé ń ṣe dáadáa, Ìyá. Bí mo bá gé e láàárọ̀, bó ṣe máa wà nìyẹn títí di alẹ́."

"Alámùdúlílàhì! Ẹ gbọ́ ọ, ewé ọmọ mi kì í rọ!"

Mo máa ń gbọ́ tí àwọn oníbàárà Àlájì ń bá a yọ̀. Ẹni tó bá ti gbé ẹ̀yìn odi rí yóò mọ ohun tí mo ń wí. Kì í ṣe irọ́ lo pète láti pa. O kàn rí i pé wọ́n ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ de ìròyìn rere ni, ojú á wá tì ọ́ láti gbé òmíràn kalẹ̀.

Ọdún kẹta ni Ràímì dé. Ó ti di géńdé, ó sì ga jù mí lọ. Inú mi dùn sí i lọ́jọ́ yẹn, ẹ má rò pé inú mi ò dùn. Ó tú ẹrù rẹ̀, ó gbé gààrí Àjàṣẹ́ fún mi, ó sì mú aṣọ kan tí wọ́n ká, tí wọ́n fi okùn dì. Àwọ̀ aró rẹ̀ ti ṣí, etí rẹ̀ kan sì jẹ́ ojú ibi tí wọ́n ti fà á ya.

"Ẹ̀gbọ́n, Ìyá ní kí n fún yín. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé..."

"Mo ti gbọ́," ni mo wí.

Kò sì sí ohun tí mo gbọ́. Ara mi ló gbóná. Mo ní, àkísà ni ìyá mi fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ tó wà l'Ékòó? Ṣé wọ́n rò pé n kò ní aṣọ ni? N ò tú okùn rẹ̀. Ihò kan wà lára pákó ògiri lókè ẹní mi, tí òjò máa ń gbà wọlé. Mo ki aṣọ náà bọ̀ ọ́. Ràímì wò mí, ó padà sídìí ẹrù rẹ̀.

Mo fún un ní igun ilẹ̀ kan létí tèmi, èyí tí omi máa ń yà sí. Mo kọ́ ọ ní gbogbo ohun tí mo mọ̀. Nígbà tí ewé rẹ̀ tó gé, a jọ gbé apẹ̀rẹ̀ lọ sí àgọ́. Bàbá Kúùkù tẹ tèmi, ó ká. Ó tẹ ti Ràímì.

Pọ́kí.

Ó tún mú òmíràn. Pọ́kí. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ náà sókè, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Ta ló ni èyí?"

"Èmi ni, sà," Ràímì dáhùn.

"Dàhòmì kékeré! Where you dey since?"

Mo jowú. N ò ní í fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀: mo jowú àbúrò mi ọmọ ìyá mi. Láti ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ohun tó jẹ́ tirẹ̀ sí ohun tó yẹ kó jẹ́ tèmi. Bí òun náà bá ní "músíè," wọn kì í fi ṣẹ̀sín. Wọ́n á ní kó tún un wí, pé ó dùn létí. Ìyàwó Bàbá Onílẹ̀ ń bu ọbẹ̀ fún un. Bàbá Onílẹ̀ alára, tó ti ń pe ewé mi ní ti ewúrẹ́ fún ọdún mẹ́ta, jẹ ewé Ràímì kan ní tútù, ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ó ń dún lẹ́nu." Bí mo bá sì pe ilé, ohun tí Ìyá kọ́kọ́ ń béèrè ni, "Ràímì ńkọ́?" Mo máa ń tu ara mi nínú pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Òwe yẹn ò rọ̀ mí lọ́kàn rárá.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Abẹ́ igi máńgòrò kan ló máa ń lọ láàárọ̀. Ní ọjọ́ tó lọ sí ọ̀nà odò, mo yọ́ lọ síbẹ̀. Mo rí ìkòkò amọ̀ kan tó rì dé ọrùn nínú iyanrìn tútù. Mo ṣí i. Ewé rẹ̀ wà nínú rẹ̀, aṣọ ló fi wé e. Bí mo ṣe tú aṣọ náà ni mo rí àwọn ẹyẹ kéékèèké tí wọ́n yà sí i lára, tí aró wọn ti ń parẹ́. Ìró ìyá mi ni! Ìró tó fi pọ̀n mí. Èmi ló kọ́kọ́ fi pọ̀n, ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó bí Ràímì. Ó wá gbé e fún Ràímì, ó fi àkísà ránṣẹ́ sí mi. Mo gbà lọ́jọ́ náà pé àdúrà ìyá mi ló wà lára aṣọ yẹn, pé òun gan-an ni kì í jẹ́ kí ewé rọ, àti pé ó fún àbúrò mi, ó fi mí sílẹ̀.

Ràímì gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan láti bá mi sọ ọ́. A ń ro ebè lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá lè máa jí gé e..." Mo nà ró. Mo ní, "Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní sàláàdì?" Ó tẹrí ba, ó ń ro ebè rẹ̀ lọ.

Nígbà tó yá, ibà dá a wólẹ̀. Ọjọ́ Àlàmísì ni. Ó ti gé ewé rẹ̀ kí ibà tó borí rẹ̀, ó ń gbọ̀n lórí ẹní.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi gbé tèmi dání. Ẹ má tú aṣọ rẹ̀ títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ Bàbá Kúùkù. Ẹ má sì jẹ́ kí omi kàn án."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo gbé tirẹ̀ lórí, mo gbé àpò tèmi lọ́wọ́. Nígbà tí mo kọjá Mile 12, tí àgọ́ ti ń súnmọ́, mo yà sábẹ́ igi ìyeyè kan. Mo wo ẹ̀yìn, n ò rí ẹnikẹ́ni. Mo tú ìró ìyá mi. Mo kó ewé Ràímì sínú àpò tèmi tó tutù rinrin, mo sì fi ìró náà wé ewé mi. Mo ní, ẹ jẹ́ kí àdúrà yẹn náà ṣiṣẹ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan.

Bàbá Kúùkù kọ́kọ́ tú aṣọ. Ó tẹ ewé kan, ó ká. Ó tẹ òmíràn, ó ká. Ó yẹ̀ mí wò, ó kọjú sí àpò mi bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò yá. Ó mú ọ̀kan.

Pọ́kí.

"Há! Dàhòmì àgbà!" Ó gbá mi léjìká. "O ti fi han àbúrò ẹ lónìí! Gbọ́, ọ̀gá wọn ń bọ̀ láti ìlú òyìnbó, Sátidé ni wọ́n fẹ́ jẹun pọ̀. Apẹ̀rẹ̀ méjì. Ìwọ ni kó o gbé e wá, mi ò fẹ́ ìtìjú. Bó bá ká, má padà síbí mọ́ o. Bó bá ṣẹ́, ìwọ nìkan ni n óò máa rà lọ́wọ́ ẹ."

Ó yẹ kí ojú tì mí. Inú mi ló dùn. Mo ń rẹ́rìn-ín bọ̀ lójú ọ̀nà títí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ délé, kó tó yé mi pé ìró náà kọ́ ló ń ṣe é, àti pé ní Sátidé, èmi ni n óò gé apẹ̀rẹ̀ méjì, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ràímì gbé orí sókè nígbà tí mo wọlé. "Ṣé wọ́n rà á?"

"Tèmi ni wọ́n rà lónìí. Tìrẹ ká."

Ó tú ìró náà. Ó wo àwọn ewé tó ti rọ yẹn fún ìgbà díẹ̀, ó fọwọ́ kan ọ̀kan. Ó sì tún aṣọ náà pa dé.

"Mo bá yín yọ̀, Ẹ̀gbọ́n," ó wí. "Ó ti pẹ́ tó ti yẹ kó rí bẹ́ẹ̀." Ó dùbúlẹ̀ padà.

Ọjọ́ kejì bọ́ sí Jímọ̀ọ̀ àkọ́kọ́. Mo dúró lórí ìlà ní Yábàá. Nígbà tí ohùn Ìyá wọlé, ó béèrè Ràímì, mo ní ó wà. Ó béèrè ewé. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn oníbàárà Àlájì lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnu mi ti fẹ́ẹ́ sọ ohun tó máa ń sọ.

"Ìyá, ewé mi ń rọ."

Ó ní kí àwọn oníbàárà yéé pariwo.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo ti dé."

"Ọdún mẹ́ta?" Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lórí tẹlifóònù yẹn. "Ìwọ lo sọ fún mi pé ewé ẹ kì í rọ. Mo ti ń sọ fáyé pé àkọ́bí mi ti ta mí yọ nídìí iṣẹ́ yìí. Ràímì ló béèrè lọ́wọ́ mi kó tó máa bọ̀. Abéèrè kì í ṣìnà. Ìwọ ò béèrè rí. Ìgbà wo lo ń gé e?"

Mo sọ fún un. Ó pòṣé.

"Ewé tí oòrùn bá ti bá lórí ebè, ó ti rẹ̀ ẹ́ kó o tó fọwọ́ kàn án. Ìdájí ni kó o gé e, nígbà tó ti mu omi sun. Ẹ̀yin ṣì máa ń sùn nígbà tí mo bá ń gé tèmi. Gbọn ìrì ara rẹ̀ dànù. Má da omi lé e. Aṣọ ni kó tutù, kì í ṣe ewé, kó sì jẹ́ aṣọ tó ti gbó, torí aṣọ tuntun kì í mu omi. Gbé e sínú ìkòkò nínú iyanrìn tútù, lábẹ́ ibòji. Má dé e pa. Jẹ́ kó mí. Àbí Ràímì ò fún ọ ní ìdajì tìrẹ ni? Ìró tí mo fi pọ̀n yín ni mo fà ya sí méjì. Mo ní kó fún ọ ní apá tó nípọn, torí ìwọ ni àgbà."

N ò rántí bí mo ṣe dé Ìkòsì. Mo dúró lórí ẹní mi, mo fa aṣọ yẹn yọ nínú ihò ògiri, mo já okùn rẹ̀. Àwọn ẹyẹ náà wà níbẹ̀. Òjò ọ̀pọ̀ oṣù ti bá wọn, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ wọn lára, ṣùgbọ́n ó nípọn ju ti Ràímì lọ lóòótọ́. Mo bu omi sínú àwo, mo ń fọ̀ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ibà ti fi Ràímì sílẹ̀ díẹ̀. Ó wá jókòó tì mí.

"Ewé tí Bàbá Kúùkù rà lánàá," mo wí, n kò sì wo ojú rẹ̀, "tìrẹ ni."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo gbìn ín. Ṣé èèyàn kì í mọ ewé ọwọ́ ara rẹ̀ ni?"

"Kí ló wá dé tó o fi ń bá mi yọ̀?"

Ó fa koríko kan tu nílẹ̀, ó ń fi ṣeré lọ́wọ́. "Ẹ ń rẹ́rìn-ín wọlé. Láti ìgbà tí mo ti dé Èkó, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí yín tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín."

Ní Sátidé, a jí gé e pọ̀ nígbà tí ìrì ṣì wà nílẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ kan fún ìdajì ìró kan. Mo jẹ́wọ́ fún Bàbá Kúùkù níwájú Ràímì, ojú mi sì ń gbóná bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó wò mí sókè sódò, ó ní, "Ẹ̀yin ará Dàhòmì yìí." Lẹ́yìn náà, ó tẹ ewé kan nínú aṣọ mi, ó tẹ ọ̀kan nínú ti Ràímì. Méjèèjì dún. Ó ní kí a máa gbé e wá, àwa méjèèjì, òun ò ní agbára ẹjọ́ tẹ̀gbọ́n tàbúrò.

Ràímì ti padà sí Àjàṣẹ́ láti ìgbà pípẹ́, òun ló ń tọ́jú ibi tí Ìyá ti ń gbin ewé. Èmi ni mo dúró. Ilé ti bo àbàtà mi, wọn ò sì pè mí ní Dàhòmì mọ́, nítorí àwọn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ ti lọ. Ìdajì ìró mi wà nínú àpótí. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan mo máa ń tú u, mo sì máa ń jowú àbúrò mi títí di òní olónìí. Kì í ṣe nítorí ewé. Bí wọ́n bá jà mí lólè, n ò lè bá olè yọ̀ pé ó rẹ́rìn-ín. Mo ti gbìyànjú rẹ̀, kò ṣeé ṣe fún mi.

Ìyá fún mi ní apá tó nípọn. Ràímì gba èyí tó kù, ó sì tó fún un.